Sí Ẹ̀gbọ́n Wa ní Asata, Tí Wọ́n Ṣẹ̀ṣẹ̀ Fi Jẹ Director

Ẹ̀gbọ́n wa,

Ẹ kú oríire o. A gbọ́ pé wọ́n ti gbé ètò ìwádìí báyótẹkinọ́lọ́jì lé yín lọ́wọ́, ètò ńlá tí ẹ̀ka mẹ́fà yóò jọ máa ṣe, àti pé láti ọjọ́ tí lẹ́tà ìyànsípò ti dé, bí ẹnikẹ́ni bá pè yín ní "Prof" lásán, etí yín kì í gbọ́ ọ mọ́, àfi "Director". Ìyàwó yín ló ṣòfófó. Ó ní obìnrin tó ń ta ọ̀kpà tó máa ń kiri àdúgbò yín ní Asata, Enugu, láàárọ̀, èyí tó ń ké "Ọkpa di ọkụ" (ọ̀kpà gbígbóná rèé) kọjá lẹ́nu ọ̀nà, ti gbọ́ sí i. Òun náà ti ń kí yín ní "Director", ó sì ti fowó lé ọjà.

Mo dìídì kọ lẹ́tà yìí ní gbangba ni. Bí mo bá fi í ránṣẹ́ sí yín ní kọ̀rọ̀, inú fáìlì lẹ máa tì í bọ̀, ẹ óò kọ "K.I.V." sí i lórí, ó parí nìyẹn.

Mo ti rí pátákó funfun tí ẹ gbé kọ́ sí pálọ̀, níbi tí fọ́tò ìgbéyàwó yín wà tẹ́lẹ̀. Ẹ ya òbìrìkìtì mẹ́fà sí i: Máíkíróbáyọ́lọ́jì, Báyọ́kẹ́mísírì, Fámásì, Ìṣègùn, Iṣẹ́ Àgbẹ̀, Òfin. Ọfà jáde lára ìkọ̀ọ̀kan wọn, gbogbo ọfà wá pàdé nínú òbìrìkìtì keje tó wà láàárín, inú ìyẹn lẹ kọ orúkọ yín sí, gègé pupa lẹ sì fi kọ ọ́. Ó wu ojú. Àmọ́ mo wá ọfà kan ṣoṣo tó ti ara Fámásì lọ sára Òfin, n ò rí i. N ò rí èyí tó so Iṣẹ́ Àgbẹ̀ mọ́ Ìṣègùn. Ẹ̀yin ni gbogbo wọn mọ̀, wọn ò mọ ara wọn. Ẹ̀gbọ́n, ìyẹn kì í ṣe ètò àjọṣe, ọjọ́ ìgbàlejò yín ni.

Ó jọ pé wọn ò ṣàlàyé oyè náà fún yín dáadáa. Wọn ò fi yín ṣe ọkọ ìyàwó o. Alága ìdúró ni wọ́n fi yín ṣe. Ẹ mọ iṣẹ́ alága: yóò mú ìdílé méjì tí wọn ò mọ ara wọn rí jókòó pọ̀ láìsí ìjà, yóò mú kí owó máa wọlé, yóò pa ẹni tó bá ń bínú lẹ́rìn-ín, yóò sì rí i pé wọ́n parí kí ilẹ̀ tó ṣú. Kì í gbé ìyàwó relé. Bí fọ́tò bá jáde, ẹ̀gbẹ́ kan lẹ óò ti rí gèlè rẹ̀. Ẹ̀yin wá ti ń dá agbádá ọkọ ìyàwó! Mo gbọ́ pé níbi ìpàdé àkọ́kọ́ lẹ ti kéde pé gbogbo ìwé ìwádìí tó bá ti inú ètò yìí jáde, orúkọ yín ni yóò ṣáájú, ìbáà ṣe lórí ìdin, ìbáà ṣe lórí òfin. Kí lẹ mọ̀ nípa òfin? Ẹ̀yin tí ẹ san owó ilé kan náà lẹ́ẹ̀mejì fún lánlọ́ọ̀dù nítorí pé ẹ ò gba ríṣíìtì àkọ́kọ́.

Mo mọ ohun tí ẹ fẹ́ wí: pé sáyẹ́ǹsì kì í ṣe òde ìyàwó. Òótọ́ ni. Lóde ìyàwó, oúnjẹ máa ń débẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká lọ sí Ifẹ̀ ná, torí pé ibẹ̀ lẹ ti kàwé, ẹ ò ní lè jiyàn. Ní nǹkan bí ọdún 1970, àwọn ará Fámásì níbẹ̀, El-Said, Fadulu, Sofowora àtàwọn mìíràn, ń yẹ oríṣiríṣi orin tí àwọn baba wa fi ń fọ ẹnu wò, bóyá wọ́n ń pa kòkòrò ẹnu lóòótọ́. Wọ́n á da oje orin sórí àwo tí wọ́n ti fi ẹ̀jẹ̀ po oúnjẹ fún kòkòrò. Kòkòrò ni wọ́n ń wò. Àmọ́ ìtàn tí wọ́n ń sọ ni pé wọ́n ṣàkíyèsí nǹkan mìíràn: níbi tí oje orin àtà bá wà, ẹ̀jẹ̀ kì í tètè dúdú, pípọ́n ló ń pọ́n síbẹ̀. Ẹlòmíràn ìbá kọ iye kòkòrò tó kú sílẹ̀, ìbá fọ àwo, ìbá máa lọ sílé rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà kò kú sí Fámásì. Ó dé ọ̀dọ̀ dókítà ẹ̀jẹ̀, Isaacs-Sodeye, ìbéèrè sì yí padà pátápátá: bí oje yìí bá lè ṣe ẹ̀jẹ̀ báyìí nínú àwo, kí ni yóò ṣe sí ẹ̀jẹ̀ ọmọ tó ní fòníkú-fọ̀ladìde? Ní 1971, Sofowora àti Isaacs-Sodeye tẹ̀ ẹ́ jáde pé oje gbòǹgbò àtà ń mú kí sẹ́ẹ̀lì tó ti ká bíi dòjé padà sí bó ṣe yẹ kó rí. Nínú túbù o, mi ò sọ pé ó wo ẹnikẹ́ni sàn. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tí wọ́n ń wá nígbà tí wọ́n ń gé orin nìyẹn, ẹni tó sì mọ orin kò lè dá nìkan mọ ohun tó já sí.

Irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń sanwó fún yín láti ṣe. Kí ọmọ Máíkíróbáyọ́lọ́jì tó bá rí ohun àjèjì nínú àwo lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun mọ ilẹ̀kùn dókítà tó máa kàn lọ́jọ́rú, láìkọ́kọ́ kọ mẹ́mò sí yín, kí ẹ tó fọwọ́ sí i, kí akọ̀wé tó rí stáǹbù.

Ilẹ̀kùn ọ̀hún kì í sì í sábà súnmọ́ lápá ọ̀dọ̀ yín. Ẹ wo UNN lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín. Ní 1961 ni wọ́n gba College of Arts, Science and Technology ti Enugu mọ́ra, láti ìgbà náà ni yunifásítì kan ti ní ilé sí ìlú méjì. Àgbẹ̀, ìṣègùn ẹran, fámásì àti báyọ́lọ́jì wà ní Nsukka. Òfin àti ètò okòwò wà ní Enugu. Ilé-ìwòsàn ńlá, UNTH, kó kúrò láàárín ìlú lọ sí Ituku-Ozalla ní 2007. Kò sẹ́ni tó jẹ̀bi, bí ilé ṣe wà nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá gba ẹ̀jẹ̀ lára aláìsàn ní Ituku-Ozalla tó fẹ́ kí onímọ̀ báyọ́kẹ́mísírì yẹ̀ ẹ́ wò ní Nsukka gbọ́dọ̀ la Enugu kọjá, kó gba 9th Mile, kó gba Opi, pẹ̀lú kúlà láàárín orúnkún. Bó bá dúró ra ọ̀kpà ní 9th Mile, tí dírẹ́bà náà tún rí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan, yìnyín ti di omi. Ẹni tó máa gbé kúlà yẹn ló yẹ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ gbà síṣẹ́. Ìròyìn tó kàn wá ni pé àga tó ń yípo lẹ kọ́kọ́ rà.

Ẹ gbé túbù ẹ̀jẹ̀ kan sórí tábìlì níwájú àwọn èèyàn yín, kẹ́ ẹ dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀ (mo mọ̀ pé ó ṣòro). Dókítà yóò rí ọmọ ọdún mẹ́ta kan, ìyá rẹ̀, àti ìlérí pé wọn yóò padà wá sọ èsì fún un. Onímọ̀ báyọ́kẹ́mísírì yóò rí ìwọ̀n mílílítà tó kù, yóò sì béèrè ìgbà tó ti wà nínú oòrùn. Agbẹjọ́rò yóò béèrè ẹni tó ni ín, àti bóyá ẹni tó fọwọ́ sí ìwé mọ̀ pé ó lè dé Amẹ́ríkà. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ń sọ òótọ́. Bí ẹ ò bá jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ síra wọn létí lóṣù àkọ́kọ́, wọ́n máa sọ ọ́ síra wọn lójú lọ́dún kẹta, níwájú àwọn tó fún yín lówó.

Ọdún kẹta kẹ̀, mo tiẹ̀ ń ṣe yín lóore ni. Àwọn ará Zaria mọ bí ó ṣe ń pẹ́ tó. Institute for Agricultural Research ti Yunifásítì Ahmadu Bello, lábẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Mohammad Ishiyaku, fẹ́ kí ẹ̀wà lè gba ara rẹ̀ lọ́wọ́ Maruca, ìdin tó ń jẹ òdòdó àti èèpo ẹ̀wà, tó lè ba nǹkan bí ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún irè jẹ́. Ara bakitéríà Bacillus thuringiensis ni jíìnì tó ń pa ìdin náà ti wá. Ọwọ́ Monsanto ni ẹ̀tọ́ rẹ̀ wà, wọ́n sì yọ̀ǹda rẹ̀ láìgbowó. AATF, àjọ ìmọ̀ ẹ̀rọ iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní Nairobi, ló dúró sáàárín. T. J. Higgins àtàwọn èèyàn rẹ̀ ní CSIRO, ilé-iṣẹ́ ìwádìí Ọsirélíà, ló gbé jíìnì sínú ẹ̀wà. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbìn ín lóko àdánwò ní nǹkan bí 2009, Nàìjíríà kò tíì ní òfin tó dá dúró lórí ààbò irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Òfin dé ní 2015. Àṣẹ pé kí ẹ̀wà jáde kúrò lóko àdánwò dé ní oṣù kìíní 2019. Ìgbà tí wọ́n fi máa kó ẹ̀wà náà, SAMPEA 20-T, síta fún àwọn àgbẹ̀ ní gbangba, 2021 ti dé. Ọmọ tó wọ jẹ́lé-ó-sinmi lọ́dún àdánwò àkọ́kọ́ ti ń múra WAEC.

Mélòó nínú àwọn tí mo dárúkọ yẹn ni onímọ̀ ẹ̀wà? Ẹni tó ń kọ ìwé àdéhùn wà níbẹ̀, ẹni tó ń ṣọ́ ọgbà wà níbẹ̀, ẹni tó ń bá ìjọba sọ̀rọ̀ wà níbẹ̀. Síbẹ̀ náà, Nnimmo Bassey, ajàfẹ́tọ̀ọ́ àyíká, àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ takò ó, wọn ò sì tíì dákẹ́. Ní tiyín, obìnrin tó ń ta ẹ̀wà ní ọjà Ogbete kò ní ka ìwé ìwádìí kankan. Yóò bi yín bóyá ó máa ń tètè jinná. Yóò bi yín bóyá àgbẹ̀ lè fi èyí tó kù pamọ́ kó gbìn ín lọ́dún tó ń bọ̀, bóyá ó ń fa àrùn. Nínú òbìrìkìtì mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ta ni yóò dá a lóhùn? Ẹ máa ní ẹ̀yin ni. Ẹ̀gbọ́n, mo ti gbọ́ yín lórí rédíò rí. Ẹ fi ìdajì àkókò kí àwọn èèyàn pàtàkì, ẹ fi ìdajì tó kù sọ pé àkókò ò tó.

Ó ku ọ̀rọ̀ owó, ojú yín á ti máa tàn. National Research Fund ti TETFund lè fún ẹgbẹ́ kan ní ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù náírà. Ó dùn létí. Ẹ pín in sí ẹ̀ka mẹ́fà, ẹ yọ owó kẹ́míkà tó jẹ́ pé dọ́là ni wọ́n fi ń rà á, ẹ wá sọ fún mi bóyá ó ṣì ń dùn. Báńkì Àgbáyé ní tirẹ̀, nígbà tó dá àwọn ibùdó ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ ní ìwọ̀-oòrùn àti àárín gbùngbùn Áfíríkà láti 2014, tí 10 nínú wọn sì bọ́ sí Nàìjíríà, kò sanwó nítorí pé Director jókòó. Èsì ló ń sanwó fún: akẹ́kọ̀ọ́ tó wọlé, ìwé tó jáde, owó tí ẹ̀yin fúnra yín wá wọlé. Nígbà tí ìjọba sì pàṣẹ ní 2015 pé kí gbogbo owó rẹ̀ wọ inú àpò kan ṣoṣo l'Ábújá, èyí tí wọ́n ń pè ní TSA, àwọn yunifásítì pariwo pé ìwádìí ò lè dúró de Ábújá. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe jẹ́ pé akáńtáǹtì ni ọ̀rẹ́ tó yẹ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ ní, kì í ṣe VC. VC á bá yín ya fọ́tò. Akáńtáǹtì ló mọ ìdí tí owó èkejì kò fi ní jáde bí ẹ ò bá tíì fi ríṣíìtì dáhùn fún ti àkọ́kọ́, tó sì mọ̀ pé ríṣíìtì ọlọ́jà tí kò ní nọ́ńbà fóònù kò ní kọjá lọ́dọ̀ ọ́dítọ̀.

Fírísà ńkọ́? Mo ti wọ láàbù kan tí mi ò ní dárúkọ. Fírísà ibẹ̀ máa ń tutù dé ìwọ̀n 80 nísàlẹ̀ òdo. Bí wọ́n bá ṣí i, èéfín funfun ló máa ń tú jáde, yìnyín á ti wú sí etí ilẹ̀kùn débi pé èjìká ni wọ́n fi ń tì í pa. Inú rẹ̀ kún fún páálí kéékèèké tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù ìwé lẹ̀, bírò ti ń parẹ́ lára àwọn kan. Ọdún mélòó kan ìwádìí ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ ọmọ àwọn ìyá tó fọwọ́ sí ìwé. Lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì kan, iná lọ, jẹnẹrétọ̀ kò ní dísẹ̀lì, aago ìkìlọ̀ ara fírísà sì ń han gooro fún yàrá tí kò sẹ́nì kankan nínú rẹ̀. Òṣìṣẹ́ láàbù kan tó gbàgbé bátìrì fóònù rẹ̀ síbẹ̀ ló padà wá tó gbọ́ ọ. Ó fi owó ara rẹ̀ ra gálọ́ọ̀nù kan, ó sì sùn síbẹ̀ mọ́jú. Ẹ lọ wo ìwé tí wọ́n tẹ̀ jáde lẹ́yìn náà, orúkọ onígálọ́ọ̀nù kò sí níbẹ̀. Nínú àbá ìnáwó yín tí ìyàwó yín fi hàn mí (ẹ má bá a jà), mo rí owó "ìpàdé ìfilọ́lẹ̀", mo rí owó "báàjì àti fìlà". Mo wá dísẹ̀lì títí.

Kẹ́ ẹ má baà sọ pé mi ò rí rere kankan, ẹ yà ní Ede bí ẹ bá ń bọ̀ nílé. Yunifásítì Redeemer's níbẹ̀ ni wọ́n dá ACEGID sí, ibùdó ìwádìí jíìnì àwọn àrùn tí Christian Happi, ọmọ Kamẹrúùnù tó gboyè ọ̀mọ̀wé ní Ìbàdàn, dá sílẹ̀ pẹ̀lú àwọn èèyàn rẹ̀. Nígbà tí Ebola wọ Èkó ní oṣù keje 2014, wọ́n wà lára àwọn tó fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé òun ni. Ní 2020, lẹ́yìn tí wọ́n kéde aláìsàn Kòrónà àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà lópin oṣù kejì, láàárín nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan wọ́n ti ka ìlànà jíìnì fáírọ́ọ̀sì náà tán, irú rẹ̀ àkọ́kọ́ nílẹ̀ Áfíríkà, wọ́n sì gbé e síta kí gbogbo ayé rí i. Àwọn èèyàn pè é ní iṣẹ́ ìyanu. Mi ò rí ìyanu kankan níbẹ̀. Wọ́n ti ń bá ilé-ìwòsàn Irrua ṣiṣẹ́ lórí ibà Lassa láti ọdún pípẹ́, wọ́n ti mọ ẹni tí wọ́n máa pè ní NCDC, àwọn ọ̀rẹ́ wọn bíi Pardis Sabeti ní Harvard ti bá wọn jẹun tẹ́lẹ̀. Nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn dé, kò sẹ́ni tó ń béèrè pé "ta lẹ ní kí n bá sọ̀rọ̀?" Ọfà ti wà láàárín òbìrìkìtì kí iná tó jó.

Ọ̀rọ̀ kan ṣì kù tí mi ò fẹ́ fi ṣàwàdà. Oníṣègùn ìbílẹ̀ yóò wọ inú ètò yín láìpẹ́, torí pé ewé àti egbò ló pọ̀ jù lọ nínú àbá tí ẹ kọ. Ẹ rántí Nicosan. Bàbá oníṣègùn ilẹ̀ Yorùbá kan, Ogunyale, ló gbé àpapọ̀ èròjà rẹ̀ fún NIPRD, ilé-iṣẹ́ ìwádìí oògùn l'Ábújá: ìyèré, osùn, kànáfùrù àti ewé ọkà bàbà, fún fòníkú-fọ̀ladìde. Charles Wambebe àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀, ilé-iṣẹ́ Xechem láti Amẹ́ríkà gba àṣẹ láti ṣe é, oògùn jáde ní 2006, àríyá ńlá. Ní 2008, Xechem wọ gbèsè dé kóòtù. Sáyẹ́ǹsì kọ́ ló kọ́kọ́ já níbẹ̀. Okòwò ni, ohun tí kò sí ní òbìrìkìtì kankan lára pátákó yín. Ẹ tún wo orógbó, tó jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnu ọ̀nà yín níbẹ̀: Maurice Iwu, ọ̀jọ̀gbọ́n fámásì ní Nsukka kí ẹ tó mọ̀ ọ́n sí alága INEC, sọ níbi àpérò àwọn onímọ̀ igi àti ewéko ní St. Louis ní 1999 pé ohun kan nínú orógbó dá Ebola dúró nínú láàbù. Nínú láàbù ló sọ. Nígbà tí Ebola dé Èkó ní 2014, orógbó di ọ̀wọ́n lọ́jà, àwọn èèyàn ń jẹ ẹ́ bí ẹni jẹ ẹ̀pà. Láàárín ohun tí àwọn onímọ̀ gbọ́ ní St. Louis àti ohun tí ọjà gbọ́ lẹ́yìn ọdún 15, ẹni kan ló yẹ kó dúró níbẹ̀. Nínú ètò tiyín, ẹ̀yin ni ẹni náà. Kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan ewé bàbá kankan, ẹ jẹ́ kí agbẹjọ́rò yín jókòó tì í, ní èdè tí bàbá gbọ́, kí wọ́n kọ ohun tó máa jẹ́ tirẹ̀ bó bá dára sílẹ̀, àti ohun tí ẹ ò ní sọ síta bí kò bá tíì dára.

Mo gbọ́ pé ẹ ti gbé ìgbìmọ̀ mẹ́rin kalẹ̀, àti pé ọ̀kan nínú wọn ni Ìgbìmọ̀ Tí Yóò Máa Bójú Tó Àwọn Ìgbìmọ̀. Mo kọ́kọ́ rò pé irọ́ ni, àfi ìgbà tí mo rí orúkọ yín gẹ́gẹ́ bí alága rẹ̀. Ẹ tú mẹ́ta ká. Ẹ fi ọ̀kan sílẹ̀, kó máa jókòó lọ́jọ́ kan náà lọ́sẹ̀, kí oúnjẹ wà níbẹ̀, kí òṣìṣẹ́ láàbù wà níbẹ̀, kí akáńtáǹtì wà níbẹ̀, kí ẹ̀yin máa sọ̀rọ̀ kẹ́yìn. Tàbí kẹ́ ẹ má sọ̀rọ̀ rárá, ìyẹn náà á dára.

Bàbá wa ní kí n kí yín. Wọ́n ní àwọn ò mọ ohun tí báyótẹkinọ́lọ́jì jẹ́, ṣùgbọ́n bó bá ti lè mú kẹ́ ẹ máa dáhùn fóònù, kí ó wá. Ìyàwó yín náà ní kẹ́ ẹ dá fọ́tò ìgbéyàwó padà sára ògiri.

Bí ẹ bá fẹ́ fèsì sí lẹ́tà yìí, ẹ fọwọ́ ara yín kọ ọ́. Ẹ má gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀ lórí rẹ̀.

Èmi ni,
Àbúrò yín, ní Ìbàdàn.